Egbò tí kò dun ni: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ télọ̀ kan tó ní òun kò ṣe nǹkan kan

Nọ́ọ̀sì ni mí, ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan n'Ìbàdàn. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ibi tí àwọn ìyá ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ ni iṣẹ́ mi wà. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá àwọn tó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò HIV sọ̀rọ̀ kí n tó gún wọn níka, ibẹ̀ náà ni mo ti ń sọ èsì fún wọn. Ẹni tó ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo fẹ́ kọ yìí ti gbà kí n kọ ọ́. Mo yí ọjọ́ orí rẹ̀ àti àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ mọ́ àìsàn, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú, bó ṣe rí gan-an ni mo kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ló jẹ́ kí n mú kálámù, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọjọ́ tí n kì í gbọ́ ọ: "A ò kúkú ṣe nǹkan kan, mà." Ẹni tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń sá fún ohun tí kò lé e, á sì kẹ́yìn sí ohun tó ń bọ̀ wá bá a.

Ọjọ́ 9

Ẹni ọdún 28 ni, télọ̀ ni, kò tíì gbéyàwó. Agogo mẹ́jọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni nígbà tó wọlé, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, bí ẹni pé ìdí ẹ̀rọ ló ti dìde tó sì bọ́ sójú ọ̀nà. Kò jókòó. Ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti kó o." Mo ní kó jókòó ná. Mo bu omi fún un. Ó gbé e mu tán lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní kí n fún òun sí i.

Bó ṣe sọ ìtàn náà rèé. Ní Sátidé tó ti pé ọjọ́ 9 báyìí, ìdílé kan ń sin òkú àgbà, òun ló rán aṣọ ẹbí wọn. Ó ti mọ obìnrin kan nínú ìdílé náà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni ọdún 26. Lẹ́yìn òde, wọ́n jọ lọ sí yàrá obìnrin náà. Wọ́n fẹnu kora wọn lẹ́nu, wọ́n bọ́ra sílẹ̀, wọ́n fara kanra fún ìgbà pípẹ́, abẹ́ kan abẹ́, ó sì fi ọwọ́ kàn án lójú ara. Kọ́ńdọ̀mù kò sí nílẹ̀. Wọ́n pinnu pé níwọ̀n ìgbà tí kò sí, kò ní wọlé sí i lára, kò sì wọlé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pè é. "Ṣé o mọ̀ pé ara ọmọ yẹn kò pé? Wọ́n ní ojoojúmọ́ ló ń lo oògùn." Oògùn kí ni? Ọ̀rẹ́ kò mọ̀. Ta ló sọ ọ́? Ọ̀rẹ́ kò mọ̀ yẹn náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú télọ̀. Ó ń ka nǹkan lórí fóònù títí ilẹ̀ á fi mọ́, gbogbo àmì àìsàn tó bá sì kà, ara rẹ̀ á dáhùn: ọ̀fun ń dùn ún, ó ń làágùn lóru, oúnjẹ kò lọ. Ó lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n ka kápsù apakòkòrò sínú ìwé fún un pé kó fi fọ ara. Ó lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, ó pa á tì. Ó ra àgbo, ó mu ún lé e.

Ó tún sọ ohun kan tí n kò lè gbàgbé. Ó ti ya ife àti ṣíbí tirẹ̀ sọ́tọ̀ nílé, ó ń gbé wọn pa mọ́ sẹ́yìn àpótí aṣọ, kí ìyá rẹ̀ má baà fi ẹnu kàn wọ́n.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí bí mo ṣe ń bi ènìyàn ní ìbéèrè, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Èdè wa bo ọ̀rọ̀ yìí láṣọ. A ó ní "wọ́n jọ sùn", a ó ní "wọ́n ń ṣeré", a ó ní "nǹkan ti ṣẹlẹ̀ láàárín wọn". Ọmọlúàbí ni, bí àwọn òbí wa ṣe kọ́ wa nìyẹn, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi sílẹ̀ níwájú àgbà. Ṣùgbọ́n kòkòrò kò mọ àdàpè. Tí mo bá bi ọ̀dọ́mọkùnrin pé "ṣé ẹ ṣe é?", tó sì ní "rárá", kò sí ohun tí mo mọ̀. Rárá ti ẹnìkan lè jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ni wọ́n dì mọ́ra; rárá ti ẹlòmíràn lè jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe tán àyàfi ìkan ṣoṣo tó fi orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ pè. Nítorí náà ìbéèrè mi kì í ju mẹ́ta lọ. Kí ló kan kí? Ṣé omi ara wà níbẹ̀, irú omi wo sì ni? Ṣé ojú ọ̀nà wà tí omi náà lè gbà wọ ara? Mo máa ń ya ènìyàn méjì sí ẹ̀yìn káàdì, mo sì máa ń fún ẹni náà ní bírò kó fi tọ́ka sí i. Ẹnu lè tijú, ìka kì í sábà tijú.

Ó tọ́ka. Mo wá ń sọ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kòkòrò HIV, èyí tí a ń pè ní apa sójà ara, kì í gbé inú gbogbo omi ara lọ́nà tó fi lè ran ẹlòmíràn. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, inú àtọ̀, inú omi tó ń ṣáájú àtọ̀, inú omi ojú ara obìnrin, inú omi ihò ìdí àti inú omi ọmú. Itọ́ kì í gbé e ranni, òógùn kì í gbé e ranni, omijé kì í gbé e ranni. Bí omi tó ní in bá sì wà, ó tún gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà. Awọ ara tí kò ya kì í gbà á wọlé. Mo ní kó wo tapólì tí wọ́n ta síta lọ́jọ́ òde náà: òjò rọ̀ lé e lórí, ṣé àwọn tó wà lábẹ́ tutù? Ibi tí tapólì bá ti ya nìkan ni omi ń gbà.

Ó na ọwọ́ òsì sí mi. "Wọ́n ya, mà. Ẹ wò ó."

Mo gbé ọwọ́ náà súnmọ́ fèrèsé. Ìka ìfábẹ̀lá àti àtàǹpàkò rẹ̀ kún fún ojú abẹ́rẹ́, àwọn kan ti dúdú, àwọn kan dà bí eruku lásán. Ó ní abẹ́rẹ́ gún òun lálẹ́ Jímọ̀ tó ṣáájú òde náà, nígbà tóun ń parí aṣọ, ìka yẹn náà lòun sì lò. Èyí gan-an ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í bóyá ó ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ ní alẹ́ Sátidé. Kò ṣẹ̀jẹ̀. Ṣé ó ń ta á nígbà tó fọwọ́ bu ọtí tàbí ata? Kò ta á. Ojú abẹ́rẹ́ tó ti pa dé láti ọjọ́ kan kì í ṣe ẹnu ọ̀nà mọ́. Àwa nọ́ọ̀sì tí abẹ́rẹ́ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ ń gún lẹ́nu iṣẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín kí nǹkan wọ inú ẹran ara tààrà àti kí omi kan orí awọ tó ti san.

Ìfẹnukonu ńkọ́? Itọ́ kì í gbé HIV ranni. Àfi bí àwọn méjèèjì bá ní egbò ní ẹnu tàbí èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì pàdé ẹ̀jẹ̀; ìyẹn náà ṣọ̀wọ́n gan-an. Kò sí èyí nínú tirẹ̀.

Abẹ́ tó kan abẹ́ ni n kò fi ojú kékeré wò. Mo sọ fún un pé fún HIV, níwọ̀n ìgbà tí kò wọlé, ewu ibẹ̀ kéré jọjọ, ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹnu mi pè é ní òdo bí omi ara bá dé ẹnu ihò ìtọ̀ tàbí ẹnu ọ̀nà ojú ara. Bí omi ẹnìkan bá kan ibi rírọ̀ lára ẹnìkejì báyìí, àtọ̀sí lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí àtọ̀ bá sì dà sí ẹnu ọ̀nà náà, oyún lè dúró. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí ọmọbìnrin náà ń búra pé òun kò mọ ọkùnrin, tí kò sì purọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oògùn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ. Inú mi ru, mo sì jẹ́ kó rí i. Mo ní ká tiẹ̀ gbà pé oògùn HIV ló ń lò. Ẹni tó ń lo oògùn náà déédéé, tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti rẹlẹ̀ débi pé àyẹ̀wò kò rí i mọ́, kò lè kó o ran ẹni tó ń bá a lòpọ̀, àní bí wọ́n bá ṣe gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹni tó yẹ kí èèyàn máa rò ni ẹni tí kò tíì ṣe àyẹ̀wò rí. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ènìyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, nǹkan bí 14 ló ní kòkòrò náà, a kò sì lè fi ojú mọ èwo ni wọ́n nínú òde àríyá. Láti ọdún 2014 ni òfin sì ti wà ní Nàìjíríà tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi HIV ya ènìyàn sọ́tọ̀. Ọ̀rẹ́ yẹn kò mọ̀, mo ní kó lọ sọ fún un.

Mo bá a wí lórí ohun kan. Ó ti pé ọjọ́ 9. Ká ní ewu gidi wà, ká ní kọ́ńdọ̀mù bẹ́ tàbí wọ́n fi ipá bá ènìyàn lòpọ̀, oògùn kan wà tó lè dí HIV lọ́nà, ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá. Bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Tirẹ̀ kò gba oògùn yẹn rárá, àmọ́ ẹni tó bá gbà á kò ní àyè láti kọ́kọ́ mu àgbo kó tó wá.

Mo fi ọtí nu ìka rẹ̀, mo gún un, mo fa ẹ̀jẹ̀ sórí pẹlẹbẹ àyẹ̀wò. Ìṣẹ́jú 15 ni a fi ń dúró. Ó yí ojú sí ògiri. Nígbà tí mo pè é kó wá wò ó fúnra rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Kò sí HIV. Mo ṣe ti sífílíìsì mọ́ ọn, kò sí ìyẹn náà. Mo sọ fún un pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ni àyẹ̀wò òní ń sọ, pé irú àyẹ̀wò orí ìka yìí lè gba tó ọjọ́ 90 kó tó lè sọ̀rọ̀ nípa òde ọjọ́ yẹn, pé bí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́, kó padà wá nígbà náà.

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi kà á dáadáa. Lẹ́yìn tó ti rí ìlà kan ṣoṣo yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ohun tó lè kó láti ara ohun tí wọ́n ṣe. Mo sọ fún un pé àwọn àrùn kan wà tí kò nílò kí nǹkan wọlé, tí kò tiẹ̀ nílò omi ara, awọ tó kan awọ tó fún wọn. Hẹ́pìsì, tó ń yọ bí ìléròrò wẹ́wẹ́ ní ẹnu tàbí lábẹ́, tó sábà ń yọ láàárín ọjọ́ 2 sí 12, tó sì lè ran ẹlòmíràn nígbà tí egbò kankan kò hàn. HPV, èyí tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Kúrúnà, tí ìyọnu rẹ̀ lè má bẹ̀rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Iná inú irun abẹ́. Mpox, tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀, tó tún yọ jáde ní Nàìjíríà lọ́dún 2017, tó lè sá pamọ́ sára fún ọjọ́ 21 kó tó hàn. Àti sífílíìsì, tí àwọn àgbà ń pè ní rẹ́kórẹ́kó.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò gbọ́ ọ̀kan. Ó ti dìde, omijé wà lójú rẹ̀, ó ń dì mọ́ mi lọ́wọ́, ó ń ní "Ẹ ṣeun, mà, Ọlọ́run á bùkún yín." Etí tó ti ń retí ọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ mélòó kan, tó bá ti gbọ́ ọ tán, ó ti tì nìyẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ àwọn àrùn yòókù nígbà tí a bá ń dúró de ìlà, tí etí ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìṣẹ́jú 15 tó fún un.

Ọjọ́ 35

Kì í ṣe nítorí ara rẹ̀ ló ṣe padà wá. Ó gbé àbúrò rẹ̀ obìnrin àti ọmọ ìkókó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó yà kí mi. Ara rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti ní kí òun máa lọ, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn, ló bá ní, "Mà, nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀ o. Àmọ́ kò dùn mí."

Mo pe dókítà wa ọkùnrin, a jọ wò ó. Egbò kan ṣoṣo ni, ní ìdí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀, lápá ọ̀tún, níbi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Ó rí roboto, kò ju bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ọyún, etí rẹ̀ sì le lábẹ́ ọwọ́ bíi rọ́bà. Dókítà tẹ̀ ẹ́, kò fà sẹ́yìn. Níbi tí itan ti pàdé ikùn, kókó méjì wà tí wọ́n le, tí àwọn náà kò dùn ún. Ọjọ́ mẹ́fà ni egbò náà ti wà níbẹ̀. Ó rò pé abẹ ìfárí ló gé òun, ó sì ti ń fi ìpara kẹ́míìsì pa á.

Egbò sífílíìsì rèé. Ó máa ń yọ láàárín ọjọ́ 10 sí 90 lẹ́yìn tí kòkòrò bá wọlé, ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 21. Kápsù ọjọ́ mẹ́ta tó lò níjọ́sí náà lè bo àrùn irú èyí lójú díẹ̀ láì pa á, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe ra apakòkòrò lójú pópó kí wọ́n tó rí ẹni tó máa wò wọ́n.

Àìdùn rẹ̀ yẹn gan-an ni ìpalára rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìrora ló ń gbé ènìyàn lọ sí ọ̀sibítù. Ohun tí kò bá dun ni, tí kò dá iṣẹ́ dúró, a kì í kà á sí àìsàn. Egbò yìí sì tún máa ń san fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, ẹni tó ń fi ìpara pa á á wá máa yin ìpara. Kòkòrò kò lọ síbì kankan. Lẹ́yìn náà ni ara lè sú, àní ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ìyẹn náà á tún lọ. Ó lè wọ inú ojú tàbí ọpọlọ nígbàkigbà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ó sì lè jáde sínú ọkàn. Aboyún tó bá ní in tí kò tọ́jú rẹ̀ lè bí òkú ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2022 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 àgbàlagbà ló kó o káàkiri ayé.

Àyẹ̀wò orí ìka: ìlà méjì, èkejì fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìlà ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ti gbọ̀n lára aṣọ. Télọ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ fi í wé bẹ́ẹ̀. A fa ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù fún VDRL, àyẹ̀wò tó ń fi nọ́ńbà sọ bí sífílíìsì ṣe ń jà tó nínú ara, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀ bí ìtọ́jú bá ṣiṣẹ́; èsì rẹ̀ jẹ́ 16. HIV ọjọ́ náà tún jẹ́ ìlà kan.

Dókítà bi í bóyá pẹnisílìnì ti ṣe é ní nǹkan rí, ó ní rárá. Bẹnsatíìnì pẹnisílìnì ni oògùn rẹ̀, yúnítì mílíọ̀nù 2.4, a pín in sí méjì, ìdajì ní ìdí ọ̀tún, ìdajì ní ìdí òsì. Ó ki bí ògì tí omi kò tó, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ń dunni dé egungun. Ó fi eyín di téèpù ìwọnṣọ mú títí mo fi gún un tán. A ní kó jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí a lè wo bí ara ṣe gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti kọ́gbọ́n: kí ó tó dìde ni mo sọ fún un pé ibà àti orí fífọ́ lè mú un lóru, pé kòkòrò tó ń kú ló ń fà á, pé kó lo parasítámọ́ọ̀lù, kó má bẹ̀rù. Agogo mọ́kànlá alẹ́ ló pè mí. Otútù ń gbọ̀n ọ́n. "Ó ti dé, mà, bí ẹ ṣe wí." Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti lọ.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni ti ẹni tó kó o fún un. Inú bí i. "Òun ló kó o fún mi nìyẹn, mà. Ọ̀rẹ́ mi ti kìlọ̀ fún mi." Mo ní àyẹ̀wò kì í dárúkọ ènìyàn. Mo tún gbé káàdì síwájú rẹ̀, mo bi í nípa oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kì í ṣe ti alẹ́ ọjọ́ òde nìkan. Ó dákẹ́. Ó wá jáde pé ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú òde náà, òun àti obìnrin mìíràn ti jọ wà, ẹ̀ẹ̀mejì. Kò sọ ọ́ fún mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nítorí pé ó lo kọ́ńdọ̀mù, ó sì gbà pé kọ́ńdọ̀mù ti nu ún kúrò nínú ìwé.

Kọ́ńdọ̀mù dára, mo ń pín in lójoojúmọ́, ó sì ń dènà HIV dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í bo ìdí. Ibi tí egbò rẹ̀ wà gan-an, kọ́ńdọ̀mù kì í débẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ obìnrin àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ ti ọjọ́ òde. Kò sí láàbù tó lè yà á, n kò sì fẹ́ kí ó yà á fúnra rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé awọ ló kan awọ, àti pé gbogbo ẹni tí awọ rẹ̀ kan tirẹ̀ láàárín ọjọ́ 90 yẹn gbọ́dọ̀ gbọ́. Ìlànà ìtọ́jú tiẹ̀ ní kí a fún wọn ní abẹ́rẹ́ náà àní bí àyẹ̀wò wọn kò bá tíì fi nǹkan hàn, nítorí ó lè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú bọ̀.

A jọ to ọ̀rọ̀ tó máa sọ lórí fóònù. Ó kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé, "Ẹ ti kó àrùn ràn mí." Mo ní kó pa á. A fi èyí sílẹ̀: "Wọ́n rí àìsàn kan lára mi, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fi ń wò ó, ó sì ṣeé ṣe kó ti kan ìwọ náà. Jọ̀ọ́, wá kí wọ́n wò ọ́. Màá san owó ọkọ̀ rẹ." Obìnrin àkọ́kọ́ já fóònù mọ́ ọn létí, ó sì tún pe padà ní ọjọ́ kejì pé ìlú mìíràn lòun wà, mo tọ́ka ilé ìwòsàn kan nítòsí rẹ̀ fún un. Èkejì wá ní Ọjọ́bọ̀, ó we gèlè bo iwájú orí, ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì.

Ohun tí àyẹ̀wò rẹ̀ sọ kò sí nínú àkọsílẹ̀ yìí, tirẹ̀ ni. Ó gba abẹ́rẹ́. Ohun kan ló ní kí n kọ, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá a lójú pé màá kọ ọ́. SS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àrùn tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde. Láti kékeré ló ti ń lo fólíìkì ásíìdì lójoojúmọ́. Òun ni oògùn tí àwọn èèyàn rí lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni ọ̀rẹ́ télọ̀ fi sọ ọ́ di ẹlẹ́ẹ̀dì káàkiri àdúgbò. Nígbà tó ń sọ ọ́, télọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí téèpù rẹ̀ mọ́ ìka, ó ń tú u, ó ń yí i, kò lè gbé ojú sókè.

Ọjọ́ 97

Egbò ti san, àpá rẹ̀ kò ju èékánná ọmọdé lọ. Àyẹ̀wò HIV kẹta, ìlà kan. Èyí ló parí ọ̀rọ̀ HIV, kò tún sí ìdí láti ṣe é mọ́ nítorí ti àsìkò yẹn. Mo bi í léèrè ife àti ṣíbí rẹ̀. Ó ní ìyá òun ló rí wọn lẹ́yìn àpótí aṣọ nígbà tó ń gbálẹ̀, ó fọ̀ wọ́n, ó kó wọn pọ̀ mọ́ ti yòókù, kò sì bi òun ní ohunkóhun.

A fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ti hẹpatáítìsì B lọ́jọ́ náà, nítorí àyẹ̀wò fi hàn pé kò ní in, kò sì tíì gba àjẹsára rẹ̀ rí.

Oṣù 6

VDRL ti wálẹ̀ láti 16 sí 2. Ó yẹ kó wálẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́rin, ó tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó béèrè fún ìwé. Òun àti obìnrin tó wá ní Ọjọ́bọ̀ yẹn ti ń bá pásítọ̀ wọn sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ó ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, AA ni. Ó mọ̀ pé ìjọ máa ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ̀rù sì ń bà á fún ìlà kejì yẹn. Ó tọ́ kó bà á. Àyẹ̀wò orí ìka ti sífílíìsì lè máa fi ìlà méjì hàn títí ayé lára ẹni tó ti gba ìtọ́jú, tó sì ti san pátápátá. VDRL ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi wò ó. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà pẹ̀lú ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́, iye oògùn, àti èsì méjèèjì, dókítà sì fọwọ́ sí i.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì lójú mi. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì. VDRL tó kàn di oṣù 12.